Adìyẹ díndín, orúkọ ọmọ àti físà: ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo fi fẹ́ ṣì í lọ́nà

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. Mo ti jẹun tán, mo ti ń wo ibùsùn lókèèrè, ni fóònù mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tí mo máa wò ó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń pè mí lórí WhatsApp láti Amẹ́ríkà. Eré sísá ni ọmọ yìí ń ṣe. Eré yẹn ló gbé e kúrò n'Íbàdàn dé yunifásítì kan lápá gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń san owó ilé ìwé rẹ̀, owó yàrá àti owó oúnjẹ. Tí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ yẹn, ibo ni ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́dọọdún?

"Ẹ kú alẹ́, Àńkù. Ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí Mọ́mì tíì gbọ́."

Àyà mi já. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ọmọ bá ti ní kí ìyá òun má gbọ́, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara ẹ le?"

"Ara mi le, sà. Ilé oúnjẹ kan ló fẹ́ máa fún mi lówó."

Ó wá ṣàlàyé. Ilé oúnjẹ kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wọn, irú èyí tí àwa ń pè ní eatery níbí. Adìyẹ díndín ni wọ́n ń tà. Wọ́n fẹ́ kó máa gbé páálí adìyẹ dání, kó rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kó sì gbé e sórí Instagram rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Wọ́n á máa fún un ní 500 dọ́là lóṣù, wọ́n á sì tún máa fún un ní adìyẹ ọ̀fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí sáà ẹ̀kọ́ á fi parí. Ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tó ń fò fún ikọ̀ wọn, ti buwọ́ lùwé tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti ń fi náírà ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí lo tún ń bi mí sí? Gbà á jàre! Ta ni wọ́n máa sanwó fún kó jẹ adìyẹ tó máa lóun ò jẹ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ràn burúkú ni mo fún ọmọ yẹn. Ó kù díẹ̀ kí n ba ọjọ́ iwájú rẹ̀ jẹ́ nítorí adìyẹ. Ìdí tí mo fi ń kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló lọ́mọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò lọ́hùn-ún, a ò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó bó ṣe yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ẹ má fi eré ìdárayá yunifásítì tiwọn wé NUGA tiwa o. Ọjà ńlá ni tiwọn. Ní Nebraska, ìpínlẹ̀ àgbàdo àti màlúù, èèyàn tó lé ní 80,000 ló máa ń kún pápá ìṣeré yunifásítì wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba bọ́ọ̀lù, irú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́yà sáré. Láti ọdún 1962 ni tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ìdíje tí wọ́n bá gbà nílé ti máa ń tà tán. Tẹlifíṣọ̀n ń san owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kóòṣì yunifásítì ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ó fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti gómìnà lọ.

Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Owó ilé ìwé, bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ. Àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá láwọn yunifásítì wọn ló ṣòfin pé ọmọ tó bá fi orúkọ rẹ̀ gba kọ́bọ̀ ti di oníṣẹ́ owó, kò sì lè ṣeré fún ilé ìwé mọ́. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ, bí àwọn ará ìta ṣe máa ń wí.

Lọ́dún 2010, A.J. Green tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Georgia ta aṣọ ìṣeré ara rẹ̀ ní 1,000 dọ́là. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún ìdíje mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, irú aṣọ yẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tà fáwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lásìkò kan náà. Ẹni tó ni ẹ̀yìn tí wọ́n ń wo nọ́ńbà yẹn sí ló jẹ̀bi, ẹni tó ń tà á ò jẹ̀bi.

Ti oúnjẹ ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òfin wọn máa ń ka oúnjẹ fún ọmọ bí ìgbà tí ìyàwó baba bá ń ka ẹran fún ọmọ orogún. Ìgbà kan wà tí ilé ìwé lè fún eléré ní bagel, ìyẹn búrẹ́dì roboto kan tó níhò láàárín, kó fi panu. Àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ra á lára o. Tí wọ́n bá ti ra nǹkan sí i, ó ti di oúnjẹ gidi nìyẹn, wọ́n ti rúfin. Mi ò purọ́ mọ́ wọn. Àwọn àgbà tó wọ kóòtù, tí wọ́n so táì, ló jókòó ṣe òfin yẹn.

Lóṣù Kẹrin ọdún 2014, Shabazz Napier ṣáájú ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì Connecticut, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Àkókò yẹn ló sọ fáwọn oníròyìn pé àwọn alẹ́ kan wà tóun máa ń febi sùn. Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fi ojú rẹ̀ polówó ọjà onírúurú, ló ń febi sùn. Ìtìjú mú wọn. Kí oṣù yẹn tó parí, NCAA ti fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé máa fún wọn lóúnjẹ láìdíwọ̀n.

Ẹni tó kọ́kọ́ mi igi náà dáadáa ni Ed O'Bannon. Ó gba ife ẹ̀yẹ básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì UCLA lọ́dún 1995. Ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà, ó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó bá ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí géèmù. Bó ṣe máa wo géèmù náà, ara rẹ̀ ló rí nínú rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, nọ́ńbà 31 rẹ̀, ọwọ́ òsì tó fi ń jù ú. Wọ́n ti ta àwòrán rẹ̀ láìbi í léèrè, láìfún un ní kọ́bọ̀. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ló ń tà fún èèyàn ní Nevada kó lè rówó gbọ́ bùkátà. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2009, adájọ́ sì dá a láre lọ́dún 2014.

Lẹ́yìn ìyẹn ni California ṣòfin lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 pé eléré ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ rẹ̀ pawó. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Alston, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì pohùn pọ̀ lẹ́yìn àwọn eléré. Àǹfààní tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe ìpolówó ọjà, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Kavanaugh, kọ ọ́ síbẹ̀ pé NCAA ò ga ju òfin lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, NCAA ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ eléré lè fi orúkọ, àwòrán àti ìrísí rẹ̀ ṣòwò. NIL ni wọ́n ń pè é.

Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ sáré dé ẹnu ọ̀nà? Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá dé lóòótọ́, àmọ́ àwọn olóúnjẹ wà lára àwọn tó tètè jí jù.

Ní Nebraska tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ilé oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ Runza. Ìlú Lincoln ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1949. Búrẹ́dì tí wọ́n di ẹran màlúù lílọ̀, kábéèjì àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Àwọn ará Jámánì tó ti gbé ní Rọ́ṣíà rí ló gbé irú oúnjẹ yẹn wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé ẹ̀gbọ́n meat pie tiwa ni. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí lọ́dún 2021 báyìí ni Runza kéde pé àwọn á bá 100 akẹ́kọ̀ọ́ eléré tó bá kọ́kọ́ yọjú ní Nebraska ṣàdéhùn. Wọn ò sọ pé àwọn olókìkí nìkan o. Eré yòówù tí o bá ń ṣe, wá. Gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju pé kí ọmọ polówó áàpù ilé oúnjẹ náà lórí ìkànnì rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, Bojangles, ilé adìyẹ díndín tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Charlotte, mú àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó lágbègbè wọn, Sam Howell ti yunifásítì North Carolina àti D.J. Uiagalelei ti Clemson. Ní Baton Rouge, Raising Cane's tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí yunifásítì LSU lọ́dún 1996 bá Angel Reese dòwò pọ̀, ọmọbìnrin tó wà nínú ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì LSU tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2023.

Kí ló dé tó fi jẹ́ olóúnjẹ? Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣàpèjúwe. Tí ẹ bá gbé fọ́tò agbábọ́ọ̀lù 3SC kan há ẹnu ọ̀nà ilé alámàlà n'Íbàdàn, ọjà á yá. Àwọn èèyàn á ní, "Àṣé ibí ni lágbájá ti ń jẹun!" Ẹ gbé fọ́tò yẹn kan náà lọ sí Kánò, wọ́n á béèrè pé ta lèyí. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ eléré nìyẹn. Ọba ni wọ́n nílùú tí wọ́n ti ń kàwé. Tí wọ́n bá wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n ti di ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ilé iṣẹ́ bàtà tó ń tajà fún gbogbo ayé ò ní fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ilé oúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé, àwọn tó mọ ọmọ yẹn gan-an ni oníbàárà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń jìjàkadì tàbí tó ń ju òkò fi lè rí nǹkan díẹ̀ mú níbẹ̀, bí àwọn tẹlifíṣọ̀n ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé.

Ní tèmi o, irú àdéhùn báyìí ló mọ́ jù nínú gbogbo owó tó ti wọ eré yunifásítì wọn. Owó ńlá ń lọ lábẹ́ orúkọ NIL tó jẹ́ pé, ká sọ tòótọ́, ṣe ni wọ́n kàn fẹ́ ra ọmọ kúrò ní ilé ìwé kan lọ sí òmíràn. Àmọ́ olóúnjẹ kékeré ò lówó àpọ́nlé. Ó fẹ́ ta adìyẹ, ọmọ náà bá a tà á, ó sanwó iṣẹ́ tó rí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò sì lè pamọ́ fún ìyá ọmọ. Ó gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Òun ló pè mí.

"Ṣé ìwé la ní kó lọ kà ni àbí adìyẹ la ní kó lọ máa kiri? Orúkọ baba ẹ̀ ló fẹ́ lọ máa lẹ̀ mọ́ páálí oúnjẹ yẹn? Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ ni?"

Mo mọ̀ pé inú ń bí i nígbà tó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi àbúrò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa bínú, Àǹtí mi." Àmọ́ lọ́kàn mi, mi ò gbà fún un. Mo rántí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ọdún 1980 ló dé yunifásítì Houston. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra wọn, lọ́dún 1982, 1983 àti 1984, ni ikọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Tí ilé oúnjẹ kan ní Houston bá ti fún un ní dọ́là mẹ́wàá péré nígbà yẹn kó lè fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà, ó ti rúfin NCAA nìyẹn. Ó bọ́ sí i fún un, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́dún 1984 nígbà táwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn tuntun, ó sì di olówó. Àmọ́ Hakeem mélòó ló wà? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ní dé NBA tàbí NFL láéláé. Ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi wà ní yunifásítì nìkan ni orúkọ wọn fi ń pa owó. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wọ táì, wọ́n á máa wáṣẹ́ kiri bíi ti gbogbo ayé. Kí ló burú tí wọ́n bá ta á nígbà tó ṣì ń tà?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìtìjú tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ kọ́ ni mo fi sọ pé ìmọ̀ràn mi burú. Nǹkan míì ni, àwa méjèèjì ò sì mọ̀ ọ́n.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ yìí gbọ́n jù mí lọ. Kó tó buwọ́ lu nǹkan kan, ó lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè nílé ìwé wọn. Ó ní obìnrin tó bá níbẹ̀ ò jẹ́ kóun parí ọ̀rọ̀ tó fi ní, "O ò tíì buwọ́ lùwé, àbí?"

Físà F-1 ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa fi ń kàwé ní Amẹ́ríkà. Ìwé ni físà yẹn wà fún. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, o lè ṣiṣẹ́ tí kò ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé. Tó bá ti di ìta ọgbà, àfi kí ìjọba fọwọ́ sí i, ìwọ̀nba ìdí sì ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí i. Kéèyàn gbé adìyẹ dání ya fọ́tò kó sì gbowó, iṣẹ́ ni. Kó tiẹ̀ má gbowó, kó jẹ́ adìyẹ nìkan ni wọ́n fi san án, iṣẹ́ ṣì ni, torí pé ó gba nǹkan dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tí físà rẹ̀ kò gbà láyè lè pàdánù físà náà. Tí físà bá ti lọ, ilé ìwé lọ, eré sísá lọ, ó di pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà.

Ìlẹ̀kùn tí NCAA ṣí lọ́dún 2021, òfin NCAA ló ṣí. Kò ṣí òfin àwọn aṣọ́bodè. Àwọn méjèèjì ò bára wọn tan. Yàrá kan náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, ikọ̀ kan náà ni wọ́n wà, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ jáde. Ọ̀kan lè gba adìyẹ. Èkejì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò, ni wọ́n kéde lọ́dún 2022 pé ó pegedé jù nínú gbogbo agbábásíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Kentucky ló ti ń gbá a. Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fara balẹ̀ pawó nínú ilé, ńṣe lòun ní láti dúró di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn tí ikọ̀ rẹ̀ lọ ṣeré ní Bahamas. Ibẹ̀ ló ti sáré ṣe àwọn iṣẹ́ ìpolówó tiẹ̀, torí pé kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọ tó mọ eré jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní láti yípo gbà kó tó lè jẹ nínú òógùn ojú rẹ̀.

Ẹ ronú kan Tobi Amusan tiwa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Yunifásítì kan nílùú El Paso, ìyẹn UTEP, ló ti di àṣàájú gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2017 nínú eré mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi. Lọ́dún 2022, ní Eugene, ó sá eré yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Nígbà tó wà ní El Paso, òfin NCAA ò gbà kí ẹnikẹ́ni pawó. Àmọ́ tí Tobi mìíràn bá gbéra láti Ìjẹ̀bú-Òde lónìí pẹ̀lú físà F-1, tó sì sáré bíi tiẹ̀, olóúnjẹ ẹnu géètì á fẹ́ ẹ, NCAA á ní kó máa lọ, físà á ní kó jókòó.

Mi ò rò pé ẹni kan jókòó ṣe èyí láti fìyà jẹ àwọn ọmọ wa. Òfin físà ti wà tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ NIL tó dáyé. Àmọ́ ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ò bìkítà ẹni tó rán an. Àwọn yunifásítì yìí mọ ọ̀nà Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Jàmáíkà dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó lè sáré. Wọ́n láwọn lọ́yà. Ó yẹ kí wọ́n lè dìde lọ bá àwọn aṣòfin wọn sọ ọ́ pé ọmọ tí wọ́n ń fi eré rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì yẹ kó lè fi ojú rẹ̀ ta adìyẹ.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá wà lórí físà, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má sọ pé, "Ṣebí ọmọ lágbájá ń gbà á." Ìwé tí ọmọ lágbájá fi wà níbẹ̀ lè yàtọ̀. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ kóòṣì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àńkù rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá àwọn ọmọ wa wá ilé ìwé tí wọ́n á ti ṣeré lọ́hùn-ún, ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́, tàbí àwọn tó ti níwèé ìgbélùú? Àwọn yẹn lè buwọ́ lùwé. Àmọ́ kí wọ́n kà á o. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé tí wọ́n fún un ránṣẹ́ sí mi, mo sì fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà. Lójú ewé kẹta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé oúnjẹ náà lè máa lo fọ́tò ọmọ náà títí ayé. Títí ayé! Nítorí adìyẹ sáà ẹ̀kọ́ kan. Ó tún wà níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ polówó oúnjẹ ẹlòmíì fún ọdún méjì. Èèyàn tó bá ka ìwé yẹn á rí i pé owó ibẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń rà.

Ìjọba náà á sì béèrè owó orí. Owó tí ọmọ bá gbà lọ́nà yìí, owó iṣẹ́ ara ẹni ni wọ́n kà á sí. Ẹnikẹ́ni ò ní bá a yọ owó orí kúrò níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fi san owó iṣẹ́, iye rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Láti ọdún 2025 tí adájọ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní House, àwọn yunifásítì ńlá ti lè máa fúnra wọn san owó fáwọn eléré, ó sì lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́. Láwọn ilé ìwé tó wà nínú ètò náà, àdéhùn tí ọmọ bá bá ará ìta ṣe tó bá ti ju 600 dọ́là lọ, dandan ni kó fi tó àwọn alábòójútó létí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òwò gidi ni.

Ẹni tó bá sì rò pé ìwé kékeré ò lè di wàhálà ńlá, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Gervon Dexter. Lọ́dún 2022, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Florida, ó gba 436,485 dọ́là lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan. Olóúnjẹ kọ́ nìyẹn o, owó ni wọ́n fi ń wá owó. Ohun tó buwọ́ lù ni pé fún ọdún 25, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tóun bá gbà nínú NFL á jẹ́ tiwọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ NFL, ó sì lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n gba òun sílẹ̀. Kí ọmọ ogún ọdún máa ta ohun tó máa rí títí á fi lé ní ogójì ọdún! Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa orúkọ, ibí yìí ló bọ́ sí.

Mo pe ọmọ náà padà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo tọrọ àforíjì. Kò rọrùn fún àgbà láti sọ fún ọmọdé pé òun ṣì í, àmọ́ mo sọ ọ́. Ó ní kò burú. Ó wá sọ ohun kan tí mi ò mọ̀. Nígbà tó ti lọ sọ fún olóúnjẹ náà pé físà òun ò gbà á láyè, ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn á san owó náà sí àkáǹtì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá fún un lábẹ́lẹ̀. Ta ló máa mọ̀?

Mo bi í pé, "Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní rárá, sà. Fọ́tò yẹn á wà lórí Instagram. Gbogbo ayé ló máa mọ̀."

Mo dákẹ́. Ọmọ tí mo rò pé mò ń gbà nímọ̀ràn nìyẹn.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun á bá a fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣù yẹn. Ibo ló ti máa rí i? Kò sọ fún mi. Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìyá tó wà n'Íbàdàn ló ń ṣa náírà jọ láti fi ra dọ́là ránṣẹ́ sí ọmọ tí orúkọ tiẹ̀ tó pa dọ́là níbi tó wà.

Mo bi ọmọ náà bóyá ó tiẹ̀ ti jẹ nínú adìyẹ náà rí. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rẹ́ òun máa ń gbé tiẹ̀ wálé, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́.

"Ó dùn, àbí?"

"Ó dùn díẹ̀, Àńkù. Wọn ò fi ata sí i."